Mọ́ọ̀dù epoxy tó ní páúdà alumíníọ̀mù: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ní Èkó, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ rọ́bà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni mo ní, òun ni mo fi ń ti rọ́bà yíyọ́ wọ inú mọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń tún fáànù ṣe ló gbé iṣẹ́ kan wá báyìí: nọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń yí fáànù sókè sódò. Èyí tó wà lọ́jà kì í bá ọ̀pá rẹ̀ mu. 300 ni wọ́n fẹ́, rọ́bà polypropylene (PP) ni mo sì fẹ́ fi ṣe é.

Mo béèrè iye tí wọ́n á fi gbẹ́ mọ́ọ̀dù onírin fún mi. Owó náà ju èrè tí mo máa rí nínú gbogbo 300 yẹn lọ. Ẹnì kan wá gbà mí níyànjú pé kí n po epoxy (résìnì olómi tó ń gan tí wọ́n bá po hádénà mọ́ ọn) mọ́ páúdà alumíníọ̀mù, kí n dà á bo páátánì, ìyẹn àwòṣe nọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀. Epoxy wo ni kí n rà? Báwo ni páúdà á ṣe pọ̀ tó? Rọ́bà mi máa ń gbóná tó 220 dígírì kó tó wọlé, ṣé epoxy ò ní jóná? Nọ́ọ̀bù náà fẹ̀ tó 40 mm, ó ga tó 18 mm, ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, ihò ọ̀pá sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n gbé e fún ẹlòmíì. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe fúnra mi.

Fítà Ìdí-Òrò

Àbúrò, o káre. 300 ò pọ̀ jù fún mọ́ọ̀dù epoxy tí wọ́n bá ṣe dáadáa. Tó bá jẹ́ 20,000 lò ń wá, màá ní kó o lọ ra búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù ká fi CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, gbẹ́ ẹ, torí etí epoxy á ti jẹ tán kó tó débẹ̀. Ti jíjóná yẹn, rọ́bà ló gbóná tó 220, mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbóná débẹ̀ láéláé. Tó o bá ń fún un láyè kó tutù láàárín ìkan sí ìkejì, kò ní jóná.

Ohun tó o sọ nípa ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀yìn tó pẹrẹsẹ, kí lo fẹ́ fi epoxy ṣe apá méjèèjì fún? Apá kan péré ni kó o dà, ìyẹn ojú nọ́ọ̀bù. Fún apá kejì, wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 12 mm, kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, kó o wá kan píìnì irin mọ́ ọn láàárín. Píìnì yẹn ni yóò ya ihò ọ̀pá. Ẹnu tí rọ́bà ń gbà wọlé náà, inú irin yẹn ni kó o lu ú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì. Rọ́bà tó ń tú wọlé tagbáratagbára máa ń jẹ ẹnu epoxy, kì í rí irin jẹ. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: bí PP bá ṣe ń tutù ló ń súnkì mọ́ píìnì. Tó o bá ṣí mọ́ọ̀dù, ara irin ni nọ́ọ̀bù máa bá lọ, wàá fi ọwọ́ fà á yọ, kò ní há sínú epoxy.

Má sì jẹ́ kí epoxy dá gba agbára fáìsì tó ń fún mọ́ọ̀dù pa. Jó irin pọ̀ di férémù onígun mẹ́rin, kí inú rẹ̀ jẹ́ 100 mm sí 100 mm, kó ga tó 50 mm, kó o da epoxy sínú rẹ̀. Nígbà tó o bá tì í pa, irin ni kó máa pàdé irin. Ẹ̀gbẹ́ páátánì ní láti dà sẹ́yìn díẹ̀, ó kéré tán dígírì 2 yíká, kó lè jáde wọ́ọ́rọ́.

Màmá Résìnì, Surulere

Ọmọ mi, kó o tó náwó, ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Epoxy tó mọ́ gaara tí àwa fi ń ṣe tábìlì àti ilẹ̀, kì í ṣe ti iṣẹ́ tìẹ. Wọ́n ṣe é kó má baà gbóná jù tí a bá dà á jìn, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti tó 50, 60 dígírì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, tí wọ́n gbé ka irú tábìlì bẹ́ẹ̀, àmì ìdí rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Fojú inú wò ó pé rọ́bà gbígbóná ló ń wọ inú rẹ̀ léraléra. Ní ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà, sọ pé résìnì epoxy lásán lo fẹ́, èyí tí wọn ò tíì po nǹkan mìíràn mọ́, pẹ̀lú hádénà tó ṣeé yan nínú ófùnù.

Síkéèlì ni kó o fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Tí wọ́n bá kọ 2 sí 1 sára agolo, béèrè bóyá ti ìwúwo ni tàbí ti ìwọ̀n ife, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Epoxy tí hádénà rẹ̀ pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, kò sí oòrùn tàbí ófùnù tó lè tún un ṣe. Tó o bá ti pò ó, ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ike rẹ̀ dáadáa, dà á sínú ike mìíràn, kó o tún un pò. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ike àkọ́kọ́ kì í pò pọ̀ dáadáa, òun ló ń fa ojú tó ń lẹ̀ tí kì í gan.

Èkó wa yìí ní ọ̀rinrin púpọ̀. Nígbà òjò, hádénà irú èyí tí wọ́n ń pè ní amine máa ń fa omi àti gáàsì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, wàá rí i tí nǹkan funfun tó ń yọ̀ bo ojú rẹ̀. Tó o bá da ìpele kejì lé e láìfọ̀ ọ́, wọn ò ní mú ara wọn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, kó o wá fi sáńdípépà ha á lẹ́yìn tó bá gbẹ. Yàrá tó ní A/C ló dáa jù. Tí kò bá sí, ọ̀sán gangan tí oòrùn ti gbẹ afẹ́fẹ́ ni kó o ṣe é, má ṣe é ní àárọ̀ kùtù.

Wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀ ọ́. Ẹni tí hádénà bá ti sọ ara rẹ̀ di eléèyún, èéfín rẹ̀ lásán á máa mú ara rẹ̀ wú títí ayé, á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ Owódé

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tó fi jẹ́ alumíníọ̀mù? Tó bá jẹ́ pé kí ooru lè tètè jáde ni, bàbà ló yẹ. Ẹni tí kò bá sì lówó bàbà, èérún irin pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Owódé Onírin, ẹ fi oófà kó o, ẹ pò ó mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ nípa irin àti àwọn ohun èlò ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún gan-an. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Owódé, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ti bàbà. Òótọ́ ni pé bàbà ń gbé ooru kọjá tó bíi 400 W/mK (ìwọ̀n bí ooru ṣe ń tètè gba inú nǹkan kọjá), alumíníọ̀mù sì tó bíi 237. Ṣùgbọ́n epoxy lásán ò ju bíi 0.2 lọ. Ooru tó ń gba inú mọ́ọ̀dù kọjá ní láti ti ara hóró páúdà kan bọ́ sí òmíràn, epoxy ló sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ló ti ń há. Hóró tó fi ìlọ́po 1,000 ju epoxy lọ àti èyí tó fi ìlọ́po 2,000 jù ú lọ, iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra bàbà, ẹ fi ra alumíníọ̀mù sí i.

Àyè tí páúdà gbà nínú àdàlù ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Ẹ wò ó: 1 cm³ epoxy wúwo tó 1.15 g, ti alumíníọ̀mù tó 2.7 g, ti irin tó 7.87 g. Tí ẹ bá po 100 g epoxy mọ́ 100 g alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù máa gba bíi 30% nínú àyè náà. Tó bá jẹ́ 100 g irin lẹ fi sí i, bíi 13% péré ló máa gbà, á sì tún rì sísàlẹ̀ kíákíá. Ìgbà tí alumíníọ̀mù bá tó 70% ní ìwúwo ló tó ń gba ìdajì àyè, ibẹ̀ ni agbára ìgbéooru mọ́ọ̀dù ti lè sún mọ́ 1 W/mK. Ó ti di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti epoxy lásán, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀dù tó bíi 30. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé mọ́ọ̀dù epoxy á máa bí nọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀ fi ń tàn yín. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ máa fi dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún 300, ó ṣeé fara dà.

Kí páúdà púpọ̀ lè wọlé láìsọ epoxy di ẹ̀bà, ẹ má lo hóró tó dọ́gba. Ẹ po èyí tó tóbi mọ́ èyí tó kúnná, kí kékeré máa wọ àárín ńlá, bí iyanrìn ṣe ń wọ àárín òkúta nínú kọnkéré.

Onípáúdà Ojota

Mo ń ta á, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Páúdà tí àwọn ayàwòrán ara ọkọ̀ ń pè ní silver, tó ń dán, tó ń léfòó lórí kíkùn, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Pẹlẹbẹ ni hóró rẹ̀, díẹ̀ tẹ́ ẹ bá dà sínú epoxy á ti ki, kò ní gbà yín láyè láti fi púpọ̀ sí i. Èyí tí hóró rẹ̀ rí roboto lẹ fẹ́. Fún ẹ̀yìn mọ́ọ̀dù, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Ìdí ayùn wọn kún fún èérún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá a dànù ni. Epo máa ń wà lára rẹ̀, ẹ fi acetone fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ pátápátá, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí èyí tó gùn bí abẹ́rẹ́ lè kúrò.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù rèé. Páúdà alumíníọ̀mù tó kúnná tó sì fò sínú afẹ́fẹ́ lè bú gbàù tí iná bá kàn án. Ẹ má pò ó níbi tí ẹnì kan ti ń jó irin pọ̀ tàbí tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin. Ẹ má tan fáànù sí i, ẹ má fi ọwọ́ gbọ̀n àpò rẹ̀. Tó bá gbiná, omi kọ́ lẹ máa dà sí i o, omi á jẹ́ kó le sí i ni. Iyanrìn gbígbẹ ni, kó wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí òjò ò lè rìn ín, torí tó bá lómi, ó máa ń tú gáàsì hydrogen jáde. Èérún irin tó ti dípẹtà tí Ẹ̀gbọ́n Owódé mẹ́nu bà yẹn, ẹ má jẹ́ kó bá páúdà alumíníọ̀mù pàdé rárá. Tí iná bá ràn mọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, ooru tó lè yọ́ irin ni.

Ọmọ Owódé

Mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpẹtà le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun.

Atẹ̀wé 3D, Yaba

Ti páátánì: PLA, rọ́bà tí ẹ̀rọ 3D fi ń tẹ nǹkan, máa ń rọ̀ ní bíi 60 dígírì. Epoxy tó ń gan máa ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì da púpọ̀ lé PLA lẹ́ẹ̀kan náà, ojú páátánì lè wọ́. Ẹ fi ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ ná, kó gan díẹ̀, kẹ́ ẹ tó da ìyókù lé e. Páátánì ò sì gbọdọ̀ bá mọ́ọ̀dù wọ ófùnù.

Ìlà tí ẹ̀rọ wa ń fi sílẹ̀ lára nǹkan títẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni epoxy máa gbà sílẹ̀ pátá, nọ́ọ̀bù yín á sì gbé e. Ẹ fi práímà ọkọ̀ bò ó, ẹ ha á pẹ̀lú sáńdípépà olómi títí á fi jọ̀lọ̀, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi wáàsì nù ún lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, ẹ wá fi PVA olómi bò ó, kí epoxy má baà lẹ̀ mọ́ páátánì. PVA á di awọ tín-ín-rín, omi lásán ló ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Àti pé PP máa ń súnkì ní 1% sí 2.5%. Èmi máa ń fi 1.5% bẹ̀rẹ̀: 40 mm yín á di 40.6 mm lórí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Mushin

Orí mi wú. Ẹ ṣeun gidi. Férémù ti Ẹ̀gbọ́n Fítà sọ ni màá lò, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta. Gíráàmù mélòó ni kí n pò? Ihò afẹ́fẹ́ ń kọ́? Àti ófùnù: iná wa kì í dúró, ó lè lọ láàárín yíyan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka

Inú férémù yín jẹ́ 500 cm³, nọ́ọ̀bù máa gba bíi 20 níbẹ̀, ó ku 480. Ẹ jẹ́ ká lo 60% alumíníọ̀mù ní ìwúwo, torí ó ṣì ṣeé dà. Ìyẹn á jẹ́ résìnì 300 g, hádénà 39 g, alumíníọ̀mù bíi 510 g. 39 g yẹn, ti hádénà TETA ni, pẹ̀lú résìnì tí EEW rẹ̀ (nọ́ńbà résìnì tí wọ́n fi ń ṣírò hádénà) jẹ́ 190. Ẹ béèrè EEW lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Fún TETA, ẹ sọ 24.4 di ìlọ́po 100, ẹ fi EEW pín in, ohun tó bá jáde ni gíráàmù hádénà fún 100 g résìnì. Hádénà mìíràn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ má fi ti TETA lò ó.

Ẹ po résìnì àti páúdà pọ̀ ná, hádénà ló máa kẹ́yìn, torí nínú ooru Èkó ó lè má tó ìdajì wákàtí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ẹ má po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta: àkọ́kọ́ kó nípọn tó 5 mm, kó jẹ́ páúdà tó kúnná nìkan. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka ṣùgbọ́n tí kò fà mọ́, ẹ da ìkejì lé e, lẹ́yìn náà ìkẹta. Èyí tẹ́ ẹ bá dà lásìkò yẹn á mú ara wọn dáadáa, ẹ ò sì ní dé orí nǹkan funfun tí Màmá sọ. Epoxy tó pọ̀ lójú kan lè gbóná débi tó fi máa rú èéfín tí á sì sán.

Ọ̀rọ̀ yíyan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀dù ti ń kú. Epoxy tó gan nínú yàrá tó jẹ́ 30 dígírì, ó le lójú, ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti rọ̀ ò ga ju ìyẹn lọ púpọ̀. Yíyan ló ń gbé e sókè. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ yọ páátánì, ẹ wá gbé e sínú ófùnù: 60 dígírì fún wákàtí 2, 80 fún wákàtí 2, 100 fún wákàtí 2. Ẹ máa gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá sáré gbé e dé 100, á rọ̀ kó tó le, ojú rẹ̀ á wọ́. Kó tutù nínú ófùnù pẹ̀lú ìlẹ̀kùn pípadé. Tí iná bá lọ láàárín, ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn. Ohun tó ti gan ò ní padà sẹ́yìn. Tí iná bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60, ẹ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ dé.

Màmá Résìnì, Surulere

Ihò afẹ́fẹ́: fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ kun ojú páátánì pẹ̀lú ìpele àkọ́kọ́, kó o máa gún un wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Èyí tó bá kù, dà á láti òkè ní tín-ín-rín sí igun férémù kan ṣoṣo, kó máa ṣàn lọ bá ara rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka

Màmá, mo gbà, àmọ́ páúdà máa ń gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ yá a, ẹ fi ìkòkò irin tó nípọn tó ní ìdérí tó ṣe wọ́kú ṣe é. Kí ike epoxy fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó wà nínú rẹ̀, torí á hó sókè kó tó wó lulẹ̀.

Màmá Résìnì, Surulere

Fún nọ́ọ̀bù tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó. Ṣùgbọ́n tó bá rí pọ́ǹpù yá, kó lò ó, mi ò bá a jà.

Fítà Ìdí-Òrò

Nígbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í: afẹ́fẹ́ inú mọ́ọ̀dù ní láti ríbi jáde. Fá ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú irin pẹlẹbẹ, láti etí nọ́ọ̀bù lọ síta, kó má jìn ju 0.02 sí 0.03 mm lọ. Tó bá jìn jù, rọ́bà á gba ibẹ̀ jáde. Tí kò bá sì sí rárá, wàá rí àmì dúdú lára nọ́ọ̀bù níbi tí afẹ́fẹ́ ti há tó sì jóná.

Ra ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfọwọ́kàn, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn iwájú orí èèyàn. Má ti èyí tó kàn wọlé títí ojú epoxy á fi sọ̀ kalẹ̀ sí 50 dígírì. Fi fáànù fẹ́ sí i láàárín. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára kékeré tí kò tíì kún mọ́ọ̀dù, máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Mushin

Ẹ̀gbọ́n, ó ku kan. Ọ̀pá fáànù náà jẹ́ 6 mm, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹrẹsẹ. Ṣé 6 mm náà ni kí n ṣe píìnì?

Fítà Ìdí-Òrò

Rárá. Ihò náà máa súnkì. Fi 1.5% kún un, ìyẹn 6.1 mm ó dín díẹ̀, kó o sì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ píìnì kan kó pẹrẹsẹ bí ti ọ̀pá. Jẹ́ kí orí rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, kó o fi sáńdípépà dán an títí á fi máa kọ mọ̀nà. Tí nọ́ọ̀bù bá jáde tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, rẹ́ píìnì díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n dúró di ọjọ́ kejì kó o tó fi wọ ọ̀pá, torí PP ṣì máa ń súnkì díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú mọ́ọ̀dù.